Ọmọ Tó Ń Jẹ́ Hàmídù

Wọ́n ṣàdédé ti ilé ìwé òyìnbó pa ní Bouaké, ní ilẹ̀ Ivory Coast, láàárọ̀ yìí. Lánàá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan.

“Àrùn ìgbóná ti wọ̀lú!” Tíṣà ń pariwo lẹ́nu géètì. “Ẹ wá mú ọmọ yín!”

Àmọ̀sù tó ń ta aṣọ lọ́jà wà lára àwọn òbí tó sáré wá, àmọ́ kò gbà á gbọ́. Ìgbóná wo ló ń dé lóru ọjọ́ kan ṣoṣo? Àbí àwọn òyìnbó Faransé fẹ́ fipá kó àwọn ọmọ lọ síbi iṣẹ́ ojú irin ni?

Inú ń bí gbogbo òbí.

Tíṣà kọjú sí Àmọ̀sù. “Bàbá Ànàgó, kí lorúkọ ọmọ yín?”

“Hàmídù.”

Ojú tíṣà yí padà. “Ó wà lára àwọn tó ń ṣàìsàn. Ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Ẹ wá sójú fèrèsé, kó rí yín.”

Àmọ̀sù ò lọ. Ńṣe ló ń fẹ̀yìn rìn.

“Irú bàbá wo lèyí?” Obìnrin kan ń wò ó tìfura-tìfura.

Ó délé. Hàmídù ló ṣílẹ̀kùn fún un, wàláà ilé kéú lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá.”

Kùdírátù, opó tó ń bá wọn dáná, sáré jáde. Ó ń wo ẹ̀yìn Àmọ̀sù.

“Bàbá, ọmọ mi tí ẹ fi rọ́pò Hàmídù nílé ìwé òyìnbó ńkọ́?”