Àìsàn Tí Wọn Kì Í Dárúkọ

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Màmá Wúràọlá tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ gíláàsì adójútòfò tó ń yẹ ara wò lára ògiri, bí gbogbo ìlú ṣe ń ṣe láràárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, màmá," ni gíláàsì wí. "Àìsàn kan ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọmú yín. Ẹ fẹnu ara yín dárúkọ rẹ̀, kí adójútòfò lè sanwó ìtọ́jú. Òfin ni."

Màmá ti mọ̀ ọ́n. Òun ló pa ìyá tó bí i. Nínú agbo ilé wọn, wọn kì í pè é. Ẹni tó bá pè é, ó ti ránṣẹ́ sí i nìyẹn.

"N ò ní pè é. Kí n kú ló sàn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́!" Adérera ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún.

Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àìsàn tí adójútòfò ń tọ́jú: àrùn ọkàn, àrùn kíndìnrín, àrùn rọpárọsẹ̀. Nígbà tó kan ti màmá, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí àwọn àgbà ilé wọn gan-an.

"Àti èyí tó pa ìyá yín, ká má rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ọ́ sínú ìwé báyìí. Ìtọ́jú yín bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Orí màmá wú. "Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ìyá tí kò pè é ṣáájú yín, màmá. N ò tètè gbọ́ tiwọn kí wọ́n tó kú."