Àwọn Tó Ń Dúró De Igi Fàtíù

“Bàbá mi, kí ló dé tí igi yín fi máa ń wọ́n sí i tó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín?”

Sìlífátù, ọmọ ọdún méje, ló béèrè. Fàtíù, bàbá rẹ̀, ń yí igi ọwọ́ rẹ̀ wò. Ṣùkúrátù, ìyá rẹ̀, tẹjú mọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà. Abdulsalam, oníbàárà tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ń wo bàtà ara rẹ̀.

Igi sínúkà ni Fàtíù ń ṣe ní Ikate nílùú Èkó, igi gígùn tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì. Ọwọ́ ló fi ń fá a. Igi apá ló ń lò, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ ní ibòòji fún oṣù mẹ́jọ kí ọ̀bẹ tó kàn án, kó má baà wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á kọ orúkọ sílẹ̀, á sì dúró tó ọdún kan. Iye tí wọ́n bá dá lé e lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ni oníbàárà máa san lọ́jọ́ tó bá gbà á, ọjà ìbáà gbówó lórí. Ọ̀gá tó kọ́ Fàtíù níṣẹ́ ló mú un búra bẹ́ẹ̀. Ilé kéú nìkan ni Fàtíù lọ, kò mọ ìwé kà. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ìpè, òun ló sì ń kọ orúkọ sínú ìwé.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ ọ̀nà ẹ̀kísípírẹ́ẹ̀sì, owó ṣọ́ọ̀bù ti di ìlọ́po mẹ́ta fún gbogbo ará àdúgbò wọn. Tiwọn nìkan ni kò lé. Ṣùkúrátù ní òun lọ kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà tó ni ilẹ̀, ìyá náà sì ṣàánú wọn. Fàtíù máa ń ṣàdúrà fún un lẹ́yìn ìrun.

Awọ kékeré tó wà ní ṣóńṣó igi rẹ̀, èyí tó ń kan bọ́ọ̀lù, ni Abdulsalam ní kí wọ́n bá òun pààrọ̀. Bí Fàtíù ṣe gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

“Igi tí mo ṣe fún Láídé rèé.”

“Èmi ò mọ Láídé kankan, Ọ̀gá Fàtíù. Oniru ni mo ti rà á. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà.”

“Ogójì ni mo tà á!”

“Ẹ má bínú sí mi o. Orúkọ mi ì bá ṣì wà nínú ìwé yín títí irun mi á fi funfun. Ní Oniru, ojú ẹsẹ̀ ni. Olówó kì í tò.”

Ìgbà yẹn ni ọmọ béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Nígbà tí Abdulsalam lọ, Fàtíù yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ ti dìde.

“Ìyá Sìlífátù, ta ni Láídé?”

“Orí fóònù ló ti pè.”

“Adéjọkẹ́ tóun náà ra igi ńkọ́?”

“Òun náà pè ni.”

“Ta ló ń wá gbé igi wọn?”

Ṣùkúrátù ò tíì fèsì tí Sìlífátù fi sọ pé, “Bọ̀dá Dúró ni.”

Ilé kéú ni Dúró àti Fàtíù ti di ọ̀rẹ́. Dúró ń wa mọ́tò fún ọ́fíìsì kan ní Oniru. Òun ló bá Fàtíù rí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Òun náà ti dúró fún oṣù mọ́kànlá de igi tirẹ̀, èyí tó fẹ́ fi gbá ìdíje ní Ajah ní Sátidé. Kò tíì gbá ìdíje rí láyé rẹ̀.

Ó dé nírọ̀lẹ́ láti gba igi náà, ó ń rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn gọ́tà.

“Àna mi! Ẹ mú ìyàwó mi jáde, mo ti san owó orí tán.”

“Láídé dà?” ni Fàtíù wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú Dúró. Ó wo Fàtíù. Ó wo Ṣùkúrátù, tó di ọmọ rẹ̀ mú.

“Ta ló rí Adéjọkẹ́ rí? Àbí ìwọ lo bí wọn?” ni Fàtíù tún wí.

“Fàtíù, jẹ́ ká wọlé.”

“A ò wọlé! Ìta yìí la wà, kí àdúgbò gbọ́. Ogún ọdún tí a ti ń ṣọ̀rẹ́! Èmi ń fá igi títí ọwọ́ mi fi ń bó, ìwọ ń fi orúkọ iwin kó o lọ tà ní Oniru. Sọ pé o ò gbé wọn débẹ̀!”

“Mo gbé wọn débẹ̀.”

“Olè!”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Fàtíù wọlé, ó gbé igi Dúró jáde, ó fi orúnkún ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó sì jù ú sí i lẹ́sẹ̀.

Dúró wo igi náà títí.

“Ó dáa,” ló wí. “Ó dáa, Fàtíù.”

Ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, kò sì wẹ̀yìn.

Ní alẹ́, Sìlífátù sunkún títí ó fi sùn. Fàtíù ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn nínú yàrá.

“Kí orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé mi. Ó ń jẹun nínú àwo mi!”

“Ẹ sùn, Bàbá Sìlífátù.”

“Ojú mi ti là báyìí.”

“Mo gbọ́. Ẹ sùn.”

Nígbà tí Fàtíù bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, Ṣùkúrátù mú fóònù bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ránṣẹ́ pé, “Bọ̀dá Dúró, Ọlọ́run á san án fún yín pé ẹ ò dárúkọ mi, mo ti fi owó igi tí a tà san ìlọ́po mẹ́ta owó ṣọ́ọ̀bù náà tán lónìí, ẹ ṣáà bá mi wá ẹlòmíì tí á máa gbé igi lọ sí Oniru,” lẹ́yìn náà ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀, òun náà sì sùn.