Ọ̀rọ̀ Yàrá Iwájú

Ìyá Bánkọ́lé fẹ́ ṣe pátì àádọ́rin ọdún rẹ̀ nílé ọmọ rẹ̀ ní Iba, kì í sì í ṣe torí ìrẹsì. Ẹlẹ́rìí ló ń wá. Nígbà tí wọ́n bí Ìyìnolúwa, ọmọ Bánkọ́lé, òun ló wá láti Ẹ̀fọ̀n wá wẹ ọmọ. Ogójì ọjọ́ ló ní òun ó lò. Wọ́n fún un ní yàrá iwájú tó ní fèrèsé méjì. Ìyìnolúwa ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri báyìí, Ìyá Bánkọ́lé sì wà ní yàrá iwájú síbẹ̀.

Lydia, ìyàwó Bánkọ́lé, ti fẹnu bà á lẹ́ẹ̀kan péré pé ọmọ náà ti tó ẹni tó ń ní yàrá tirẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé kí n wá padà sí Ẹ̀fọ̀n, kí òtútù pa mí síbẹ̀? Ìwọ yìí, ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì." Lydia ò sọ ọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n Ìyá Bánkọ́lé ò gbàgbé. Ó ká ọmọ rẹ̀ mọ́ pálọ̀ níbi tó ti ń máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

"Bánkọ́lé, mo fẹ́ kí o sọ ọ̀rọ̀ yàrá yẹn létí gbogbo ayé, kí obìnrin yẹn yé fojú wọ̀n ọ́n."

Bánkọ́lé pa ìwé dé. "Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ pátì, Mọ́mì. Níwájú gbogbo èèyàn ni màá sọ ọ́."

"Níwájú Ògúnlẹ́yẹ, àbúrò mi?"

"Èmi fúnra mi ni màá pè wọ́n láti Ẹ̀fọ̀n."

Inú ìyá náà dùn dé ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ yẹn ni Lydia ti di ẹni tí kì í jiyàn. Wọ́n kó àga dé, Ìyá Bánkọ́lé ní irú àga ilé ọtí nìyẹn. Lydia dá a padà. Ìyá náà tọ́ ọbẹ̀ wò, ó yínmú.

"Ṣé ata ti gbówó lórí l'Ókokomáíkò ni?"

Lydia fi ata sí i.

Ibi kánópì nìkan ni wọ́n ti fẹ́ fa ọ̀rọ̀. Ìyá Bánkọ́lé fẹ́ ẹ níwájú ilé, kí àwọn tó ń kọjá lè rí ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí. Lydia ní ẹ̀yìn ilé ló dára, kí iwájú lè ṣófo fún ọkọ̀. Ìyá náà rò ó, ó gbà. Òótọ́ ni, àwọn èèyàn ńlá á gbé ọkọ̀ wá.

Àwẹ̀ró, ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé ilé òdìkejì, wá bá wọn gé àlùbọ́sà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ìyá Bánkọ́lé ò ka ọmọ Iba kankan sí. Ó ní wọ́n ni ilẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀bẹ í mú. Lójú wọn níbẹ̀ ni Lydia ti ń lọ gbogbo aṣọ ìyá ọkọ rẹ̀, títí kan àwọn ìró àtijọ́, tó ń ká wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tiẹ̀ ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí yóò tó o fún oṣù mẹ́fà.

"Ṣé o rí i?" Ìyá Bánkọ́lé fi ẹnu júwe rẹ̀ fún Àwẹ̀ró. "Ó ti mọ ẹni tó ń jẹ́ ìyá ọkọ. Èmi ni mo tọ́ ọ sọ́nà."

Àwẹ̀ró ò wojú rẹ̀. Ó ní àlùbọ́sà yìí mà ta lójú o.

Lọ́jọ́ pátì gan-an, Lydia ra búrẹ́dì gígùn mẹ́fà ní Ajangbadi.

"Búrẹ́dì, níbi tí ìrẹsì wà!" Ìyá Bánkọ́lé pòṣé. "Ọmọ tálákà ò ní yé hùwà tálákà."

"Ẹ má bínú, Mọ́mì."

Ògúnlẹ́yẹ gbé píkọ́ọ̀pù dé, ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo, kò sí iṣu kan níbẹ̀.

"Láti Ẹ̀fọ̀n, ọwọ́ lásán! Ahun!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹrù ni mo fẹ́ gbé padà."

Ọjà Alábà ló ń lé kiri, ojúkòkòrò, ni Ìyá Bánkọ́lé wí nínú ara rẹ̀.

Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Àwọn èèyàn gbé ẹ̀bùn wá. Kúbùsù tó nípọn, nínú ooru Èkó! Tọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ń ṣáájì. Ti Lydia ló burú jù, àpótí onítáyà tuntun. Ìyá Bánkọ́lé fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì. Àwọn wọ̀nyí ò mọ nǹkan tí wọ́n ń fún àgbà rárá. Ó wò yíká, kò rí Ògúnlẹ́yẹ. Ó ní láti jẹ́ pé ó wà nídìí ìkòkò ẹran.

Bánkọ́lé gba máìkì. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Wọ́n wá wẹ ọmọ, ọmọ sì ti dàgbà. Mo ṣèlérí fún wọn pé mo máa sọ ọ̀rọ̀ yàrá iwájú lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ síwájú ilé."

Gbogbo wọn dìde. Ìyá Bánkọ́lé tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó fa Àwẹ̀ró lọ́wọ́ kó lè gbọ́ dáadáa, ó sì rọra wo Lydia bí ẹni tó ti borí ẹjọ́. Òun ló ṣáájú gbogbo wọn.

Níwájú ilé, Ògúnlẹ́yẹ ń fi okùn de bẹ́ẹ̀dì yàrá iwájú mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, búrẹ́dì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ti wà níjókòó iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Ìyá Bánkọ́lé.