Ọmọ Màlúù, Bá Mi Sọ Fún Un

Ẹ dákun, tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má dá a dúró lágbede méjì. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì fẹ́ dá nìkan bínú. Ẹ kà á tán.

1.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, obìnrin méjèèjì, ọmọ ìyá kan náà. Wàrà ni wọ́n ń tà. Ìyá wọn ló fi abo màlúù kan sílẹ̀ fún wọn, ọjọ́ tí ìyá náà kú gan-an sì ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti gbé wàrà lọ fáwọn oníbàárà nígbà tí ẹ̀mí bọ́ lára ìyá. Bó ṣe ń wọlé, ọ̀rọ̀ tí àbúrò fi pàdé rẹ̀ nìyí: "Ibo lẹ wà? Wàrà ló ká yín lára, ìyá yín ò ká yín lára!"

Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti yan odì, inú ilé kan náà o! Garawa kan náà ni wọ́n ń fún wàrà sí. Tí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ kọjá, màlúù ló máa bá wí: "Màlúù, bá mi sọ fún ẹni tó dí ọ̀nà yìí kó sún." Àbúrò náà á ní, "Màlúù, sọ fún wọn pé mo ti gbọ́, mi ò dití." Àwọn àgbàlagbà méjì tí irun ti ń funfun lórí wọn ló ń ṣe báyìí. Ẹ gbà mí!

2.

Màlúù náà ti darúgbó. Oyún tó wà nínú rẹ̀ ni àṣekágbá. Bó bá fi abo bí, òwò ìyá wọn á máa lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí nìyẹn.

Abo ló bí lóòótọ́, àmọ́ ọmọ náà ò lè dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ pátápátá. Á gbé orí sókè díẹ̀, orí á tún já lulẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ìrètí wà. Ó ní kí wọ́n gbé e kó fàyà jókòó, kí wọ́n fi àpò koríko gbígbẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ẹsẹ̀ tó dùbúlẹ̀ lé má baà kú. Ó wá gbé ìgò oògùn kékeré kan sílẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́.

"Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ gún un lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀ẹ̀kan máa fún iṣan rẹ̀ lókun. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, ó máa pa á. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́," àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbójú kúrò lára ara wọn, àfi bí ẹni pé wọ́n bú wọn. Dókítà ò béèrè ẹni tó máa gún un. Ta ló máa rò pé ọmọ ìyá méjì ò ní lè bi ara wọn léèrè?

3.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ jí. Ó gún ọmọ màlúù lábẹ́rẹ́, ó ń fọwọ́ wọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, ọmọ náà ti ẹsẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀, ó gbé àyà kúrò nílẹ̀, ó sì tún ṣubú. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ wò ó! Ó fẹ́ dìde!"

Ó lọ fọ garawa. Nígbà tó máa fi padà, àbúrò ti lóṣòó ti ọmọ màlúù, ó ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti garawa. Ó ní, "Ọmọ màlúù, bá mi sọ fún un pé o ti gba abẹ́rẹ́ rẹ o."

Àbúrò ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ọmọ màlúù, má dá wọn lóhùn. Wọ́n fẹ́ kí aráyé gbọ́ pé àwọn nìkan ló wò ọ́ sàn. Ìgbà tí ìyá wa ń kú lọ, tó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ ńkọ́? Wọn ò sí níbẹ̀!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, kí ló kù? Ṣebí kó ju garawa nù ni, kó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, kó ní, "Àbúrò mi, má gún un, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àbúrò sọ nípa ìyá wọn ti wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó ní sínú, "Mo ti sọ tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ á gbọ́." Ó kẹ̀yìn sí wọn.

Ó gbọ́ igbe ọmọ màlúù nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé.

4.

Oòrùn ò tíì mú tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé orí rẹ̀ lé itan, àbúrò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Síbẹ̀ náà, ẹnì kankan ò bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Báyìí ló ṣe kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Dókítà dé, ó gbé ìgò oògùn sókè, ó wò ó. "Ta ló gún un?"

"Èmi ni," ẹ̀gbọ́n dáhùn.

"Èmi ni," àbúrò dáhùn.

Dókítà wò wọ́n títí. "Ẹ kì í bára yín sọ̀rọ̀ ni?" Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ.

Àbúrò tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó ní, "Ọmọ màlúù, bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé..." Ibẹ̀ ló ti rántí pé ẹni tí òun ń rán níṣẹ́ ti kú. Ẹ̀gbọ́n dúró kó parí ọ̀rọ̀ náà. Kò parí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà ò sì bi í.

Wọ́n ti ta ìyá màlúù. Garawa ti dípẹtà. Ilé kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé, àmọ́ títí di òní, ẹ̀gbọ́n ò mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ sọ.

Ìwọ tó ò ń yan odì, mo kìlọ̀ fún ọ. Bínú tó o bá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀mí, kọjú sí ẹni náà, pè é, kó o sì là á yé e. Má fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó o kì í kí yẹn ni kó o fi ránṣẹ́ sí, kó o sì fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sí i.