Erin Rán Òkété Lọ Gbabẹ́rẹ́

Àlọ́ mi fò pìrì, ó bà lé Erin, bàbá tí kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ ikọ́ ń pa ẹranko, Òòrẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dé. Ẹ̀rù ba Erin. Ó ní, "Òkété, sáré lọ bá mi gbà á."

Òkété na apá, ó gbà á, ó padà wá jíṣẹ́. Ni Erin bá ń yan kiri, ó ń dárin, àwọn ẹranko ń gbè é:

"Mo ti gbabẹ́rẹ́ o!"
"Lápá Òkété!"
"Ikọ́ ò lè mú mi!"
"Lápá Òkété!"

Oṣù kejì, ikọ́ dá Erin dùbúlẹ̀ gbalaja. Ó pariwo, "Òkété, wá bá mi wúkọ́ yìí!"

Òkété kúnlẹ̀. "Ó wù mí o, Bàbá. Abẹ́rẹ́ yín tí mo gbà yẹn ni ò jẹ́ kí n lè wúkọ́ mọ́."