Fọ́ọ̀mù Àwọn Tó Ti Ṣíwọ́

Olùwádìí kan kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ìyá àgbà tó yọjú. Ìyá náà wọ ẹ̀wù sódì, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìwádìí lórí ìbálòpọ̀ tọkọtaya ni."

Tíọ́rì, ìyẹn àbá, tí ọ̀gá olùwádìí náà ní yunifásítì gbé kalẹ̀ ni pé bí èèyàn bá ti lé lọ́mọ àádọ́rin ọdún, iná ara rẹ̀ ti kú. Kí iṣẹ́ lè yá, olùwádìí ti kọ "wọ́n ti ṣíwọ́" sí fọ́ọ̀mù gbogbo àgbàlagbà láti ilé.

"Ẹ kàn fọwọ́ sí i níbí, mà."

Ìyá àgbà kà á. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Tíọ́rì ni, mà."

Bàbá àgbà wúkọ́ nínú yàrá. "Ìyàwó mi, àlejò yẹn ò tíì lọ ni?"

Ìyá àgbà dá fọ́ọ̀mù padà. "Bá mi sọ fún Tíọ́rì yẹn pé a ò tíì ṣíwọ́. Ìwọ lo wá kanlẹ̀kùn."