Inṣọ́ránsì Ìyá Fisáyọ̀

Ọjọ́ kẹrìnlá pé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Tíṣà Ọlọ́runṣògo jí, ó wẹ̀, ó mu ògì tí Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ gbé fún un. Ṣúgà pọ̀ nínú ògì náà, síbẹ̀ ó ń korò díẹ̀ lẹ́nu. Tíṣà mu ún tán. Ó ti tó oṣù kan báyìí tí Abọ́sẹ̀dé kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn po ògì nínú ilé náà. Obìnrin tí ara rẹ̀ ò dá tó ṣì ń dáná fún ọkọ, ta ló máa bú oúnjẹ rẹ̀?

"Ìyá Fisáyọ̀, mo fẹ́ yọjú sí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ṣé kò ní rẹ̀ yín báyìí, Bàbá Fisáyọ̀?"

"Kí ló máa rẹ̀ mí? Ṣé ẹ rò pé mo ti darúgbó ni?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Abọ́sẹ̀dé yára wọ ilé ìdáná lọ, kò sì mọ̀ pé káàdì oògùn kan láti inú báàgì òun ti wà lápò ọkọ òun.

Ní gáréèjì Ọ̀yọ́, Tíṣà tún bẹ́líìtì rẹ̀ fà le. Ihò tuntun ló fi ìṣó lu sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àròjù kì í jẹ́ kí èèyàn sanra.

Oṣù tó kọjá ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fisáyọ̀, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà, fẹ́ kí àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá lọ gbafẹ́, torí ogójì ọdún ìgbéyàwó wọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Nígbà tí àyẹ̀wò parí ní Ògbómọ̀ṣọ́, dókítà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níta díẹ̀, kí n bá Màmá sọ̀rọ̀." Tíṣà lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ojú Abọ́sẹ̀dé ti pọ́n nígbà tó jáde. Ó ní eruku ni.

Láyé àwọn baba wọn, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún, wọn kì í là á mọ́ aláìsàn lójú. Ṣùgbọ́n dókítà òde òní ni eléyìí, òkè òkun ló ti kàwé. Tíṣà gbà pé aláìsàn gan-an ló bá sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni oògùn ti wọ báàgì Abọ́sẹ̀dé. Fisáyọ̀ pàápàá, tó ti ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa lọ, sáré sanwó. Ó ní ọdún yìí ni, kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Àwọn tó ta ìwé ọkọ̀ náà ti sọ fún Tíṣà lórí fóònù pé bí wọ́n bá ra inṣọ́ránsì láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí owó wọlé, ó lè sanwó ìtọ́jú àìsàn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn. Bí Abọ́sẹ̀dé bá dákú lórí agbami, ta ló máa gbé e wálé? Ẹ̀rù ń ba Tíṣà gan-an. Ogójì ọdún ló ti bá obìnrin yìí gbé, kò sì rí nǹkan kan tí òun lè ṣe fún un ju kí òun ra ìwé kan lọ.

Ọ́fíìsì inṣọ́ránsì náà wà ní àdúgbò Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ń jẹ́ Dámisí, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ mi. Inṣọ́ránsì ni mo fẹ́ rà fún ìyàwó mi."

"Ṣé àìsàn kankan wà nílẹ̀, sà? Ẹ má fi pamọ́ o. Tí ẹ bá fi pamọ́, wọn ò ní dá yín lóhùn lọ́jọ́ ìṣòro."

Tíṣà súnmọ́ tábìlì. "Ó wà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Kò tíì sọ fún mi, èmi náà ò sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti fura." Ó fa káàdì oògùn náà yọ. "Oògùn tó ń lò rèé."

Dámisí béèrè orúkọ, ó tẹ kọ̀ǹpútà títí, ojú rẹ̀ wá là.

"Ha, sà, ẹ fọkàn balẹ̀! Màmá ti wá rà á fún ẹ̀yin méjèèjì lọ́jọ́ tí owó wọlé gan-an. Wọ́n ò fi àìsàn yẹn pamọ́ rárá. Oògùn yìí náà ni wọ́n kọ síbẹ̀, àti méjì mìíràn."

Tíṣà jókòó. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Obìnrin yìí! Ó ti gbọ́n jù mí lọ. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, jẹ́ kí n rí i."

Dámisí tẹ fọ́ọ̀mù náà jáde. Tíṣà nu awò ojú rẹ̀, ó sì gbé e wọ̀.

Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ aláìsàn, Abọ́sẹ̀dé ti fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ kó lè hàn ketekete: Ọlọ́runṣògo, ọkọ mi.